Ìjà Tí Wọ́n Ti Parí Kí Wọ́n Tó Jà Á

Aago kan òru ti kọjá díẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2023. NEPA ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́. Gbogbo àdúgbò kan lẹ́yìn Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta ti sùn lọ fọnfọn, àfi jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Bàbá onílé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bíi méje tí wọ́n rọ̀gbà yí tẹlifíṣọ̀n ká. Ẹ̀kọ ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wò tí ẹ ò jẹ́ kí aráyé sùn?"

"WrestleMania ni, sà. Ọmọ Yorùbá kan fẹ́ wọ̀yá ìjà pẹ̀lú Brock Lesnar."

"Ìjà kẹ̀? Irọ́ ni gbogbo ẹ̀! Wọ́n ti sọ ẹni tó máa ṣubú kí wọ́n tó kúrò nílé. Epo bẹntiróòlù tẹ́ ẹ fi ń wo irọ́ yẹn, owó ta ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí wọ́n bá gbé sókè tí wọ́n là mọ́lẹ̀, ṣé ilẹ̀ náà irọ́ ni?"

Bàbá kò fèsì. Ṣùgbọ́n kò padà sókè mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pa tọ́ọ̀ṣì, ó ń wò.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti ilé kan. Láti Ìjàyè dé Pánṣẹ́kẹ, láti Òwu dé Òkè-Ọnà, ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Bàbá á ní irọ́ ni, ọmọ á ní òótọ́ ni, ìyá á ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n náà kí wọ́n wá jẹun. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń fà á. Nítorí náà, ó tọ́ kéèyàn mọ ibi tí eré ọlọ́dọọdún yìí ti wá, ẹni tó ń pa owó rẹ̀ mọ́ àpò, àti ibi tí irọ́ inú ẹ̀ wà gan-an. Torí irọ́ wà níbẹ̀ o. Ibi tí Bàbá ń nawọ́ sí nìkan ni kò sí.

Láyé ọjọ́un l'Amẹ́ríkà, ìjàkadì tí wọ́n ń jà gbowó dà bí ọjà àdúgbò. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ló ní agbègbè tirẹ̀, ẹni tó ń ná ọjà Kútọ̀ kì í lọ tẹ́ àtẹ síwájú ẹni tó ń ná ọjà Ọmídá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vince McMahon ra ilé iṣẹ́ ìjàkadì bàbá rẹ̀ ní 1982, ó ní òun ò bá wọn ná ọjà àdúgbò kankan, gbogbo Amẹ́ríkà lòun fẹ́. Ó ń gbé tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ wọ agbègbè olúkúlùkù, ó ń fi owó fa àwọn òjìjàkadì wọn wá sọ́dọ̀. Àwọn ọ̀gá yòókù kanra títí, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín wọn lẹ́nu.

Ìgbà tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1985, ó ṣe àkọ́kọ́ WrestleMania ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní New York. Hulk Hogan àti Mr. T tó ń ṣe fíìmù ló dojú kọ Roddy Piper àti Paul Orndorff. Ta ni rẹfirí tó dúró lẹ́yìn okùn? Muhammad Ali fúnra ẹ̀, ẹni tó ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́dún 1964. Èrò 19,121 ló wà nínú gbọ̀ngàn náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn wọ̀nyẹn ni McMahon gbójú lé. Àwọn tó gbójú lé ni àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan tó lọ jókòó sí ilé sinimá àti gbọ̀ngàn káàkiri ìlú mìíràn, tí wọ́n sanwó lẹ́nu ọ̀nà láti wo àwòrán tí wáyà ń gbé bọ̀ tààrà láti New York. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọjọ́ náà bá fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni, gbèsè ì bá gbé e lọ.

Ó sì fẹ́ fọ́ níbì kan. Ní ìlú Pittsburgh, àwọn èèyàn ti sanwó, wọ́n ti jókòó, ìjà ń gbóná lọ, àfi gbàgà tí àwòrán kú! Ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e. Igbe, èébú, ìdọ̀tí tí wọ́n ń sọ lu aṣọ àwòrán. Nígbà tó yá, tẹlifíṣọ̀n ìlú náà gbé e sáfẹ́fẹ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi tù wọ́n nínú. Ẹni tó bá ti jókòó sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù l'Abẹ́òkúta rí, tí iná lọ ní ìṣẹ́jú tí wọ́n fẹ́ gba pẹ́náritì, á mọ̀ pé NEPA kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé oníwòran tiwa kì í dá kọ́bọ̀ padà.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ ètò sanwó-kóo-tó-wò. Wáyà tẹlifíṣọ̀n ti wọ ilé tálákà àti olówó l'Amẹ́ríkà, onílé á pe ilé iṣẹ́ wáyà pé òun fẹ́ wo eré ọjọ́ báyìí, wọ́n á ṣí i fún un, wọ́n á sì kọ owó ẹ̀ mọ́ gbèsè oṣù. Eré kan, owó kan. Ẹni tí kò san, òkùnkùn ló máa wò. Ètò yìí ló sọ WrestleMania di ọdún tí wọ́n ń retí bí ọdún Iléyá: oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi ń dá ìjà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á jí ìyàwó ara wọn gbé, wọ́n á da ara wọn, wọ́n á fi àga gbá ara wọn lẹ́yìn. Ìgbà tí inú oníwòran bá ti ń hó, wọ́n á ní ó di WrestleMania, kó lọ mú owó wá.

Ti 1987 ni àwọn àgbà tó ń wo fídíò nígbà náà kò jẹ́ gbàgbé. Hulk Hogan àti Andre the Giant, òmìrán ará Faransé, ní pápá Silverdome ní Pontiac, ìpínlẹ̀ Michigan. Ilé iṣẹ́ náà kéde pé èrò 93,173 ló wá. Àwọn tó mọ̀ nípa ìṣirò ní kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ń jà lé e lórí títí dòní. Wọ́n ní Andre wọn ẹgbẹ̀ta ó dín ọgọ́rin pọ́n-ùn. Hogan gbé e, ó là á mọ́lẹ̀, gbogbo pápá mì.

Ó ku ohun kan tí àwọn tó pariwo lọ́jọ́ náà kò mọ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Andre lẹ́yìn ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀yìn ń ro ó, ohun tí wọ́n fi di ẹ̀yìn ẹ̀ mú wà lábẹ́ aṣọ ìjà rẹ̀. Ta ló lè gbé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bí kò bá gbà kí wọ́n gbé òun? Andre ló gbà. Ó gbà kí ọmọdé dá òun lójú gbogbo ayé, nígbà tí ara ń ro ó, torí pé àsìkò ti tó kí ẹlòmíràn jẹ oyè. Oṣù kìn-ín-ní 1993 ló kú, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta péré.

Ṣé irọ́ nìyẹn? Bàbá á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dára, ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ọdún 1989.

Títí di ìgbà náà, òjìjàkadì kan kò gbọdọ̀ jẹ́wọ́ fún aráyé pé àwọn ti jọ sọ ọ́ ṣáájú. Bí àwọn méjì bá jẹ́ ọ̀tá nínú agbo, wọn kò gbọdọ̀ jẹun pọ̀ ní gbangba. Awo ni. Ní oṣù kejì ọdún 1989, àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ McMahon fúnra wọn lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey, wọ́n ní kí wọ́n má ka ìjàkadì tàwọn mọ́ eré ìdárayá mọ́, eré ìtura lásán ni, a kì í díje níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹnu wọn dédé rọ̀? Owó ni. Ìpínlẹ̀ náà ń gba owó orí lórí ìjà tí tẹlifíṣọ̀n bá gbé, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sì ń bójú tó wọn pẹ̀lú. Bí kì í bá ṣe ìdíje, wọ́n á bọ́. Ni wọ́n bá tú aṣọ egúngún sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí wọ́n má baà san owó orí!

Gbogbo ìwé ìròyìn gbé e. Àwọn ọlọ́gbọ́n ní ó parí fún wọn. Oṣù kejì lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1989, WrestleMania karùn-ún wáyé. Níbo? Atlantic City, nínú New Jersey kan náà! Hogan àti Randy Savage ló jà, èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn tó wà nílé sanwó wáyà, wọ́n pariwo títí ohùn wọn há.

Ará Amẹ́ríkà tó bá rò pé ìyanu lèyí, kó wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà ọdún egúngún. Ọmọ tó bá ti gbọ́n tó kó gbé omi lọ́jà, ó mọ ohun tó mọ̀. Ó tún ń sá bí ará ọ̀run bá yọ, ó tún ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sá, ó tún ń padà wá kí wọ́n tún lè lé e. Ta ló purọ́ fún ta? Ní Ọ̀fà náà, ìlú tí wọ́n ń fi ìjàkadì kì, tó sì ń ṣe ọdún ìjàkadì, Ọlọ́fà pẹ̀lú Ẹ̀ẹ̀sà, ìjòyè ńlá rẹ̀, ni wọ́n máa ń wọ̀yá ìjà níwájú ìlú. Kò sí ẹni tó ń jáde láti ibẹ̀ tó ń sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, torí pé ìjà náà kò le tó. Àmì ni, ìlú sì mọ ohun tí àmì náà ń sọ. Ohun tó bá ti yé àwọn tó ń ṣe é, tó yé àwọn tó ń wò ó, kì í ṣe irọ́. Eré ni.

Ti gídígbò abẹ́ òṣùpá yàtọ̀ o. Ìyẹn kò ní àdéhùn. Ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá kanlẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, kò sí àlàyé. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí àwọn bàbá: gídígbò ni wọ́n fi ń wọn WrestleMania, nígbà tó jẹ́ pé egúngún ló yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí eré náà ṣe dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ẹni mélòó l'Abẹ́òkúta ló san owó wáyà fún McMahon rí? Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló kọ́kọ́ gbé e dé. Wọ́n á yá a mọ́jú, wọ́n á da kásẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn, wọ́n á tún da ìyẹn sínú òmíràn, títí àwọ̀ bẹ́líìtì wúrà á fi di àwọ̀ eérú. WrestleMania tí wọ́n jà ní oṣù kẹrin lè dé ní oṣù kẹwàá, tuntun náà ni lójú ẹni tí kò wò ó rí. Lẹ́yìn náà ni àwo pẹlẹbẹ dé, tí wọ́n fi ń kó ìjà ọdún mẹ́rin sójú kan. DStv dé, ilé ìwòran dé. Lónìí, dátà orí fóònù ni. Àwọn ọmọ kan mọ Hulk Hogan kí wọ́n tó mọ Líṣàbí tó fi àáró kó Ẹ̀gbá jọ tí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ìyẹn ló máa ń dun àwọn tíṣà jù.

Kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn tó Undertaker. Aṣọ dúdú, fìlà dúdú, agogo òkú. Àwọn ọmọdé gbà pé ó ti kú lẹ́ẹ̀méje tó sì jí, ẹ má sì gbìyànjú àtijiyàn. Láti 1991 tó ti kọ́kọ́ dé WrestleMania, kò sẹ́ni tó dá a níbẹ̀. Ìgbà mọ́kànlélógún ló jà á, ìgbà mọ́kànlélógún ló borí. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 2014, ní New Orleans, Brock Lesnar dá a. Àwọn àgbàlagbà sunkún nínú pápá. Àṣẹ láti òkè ni, wọ́n ti sọ fún un kó tó jáde. Ṣùgbọ́n orí tó fi gbálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí nínú àdéhùn. Ọpọlọ ẹ̀ mì débi tó fi sùn sílé ìwòsàn, ó sì ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun kò rántí ìjà náà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀rín. Àdéhùn ni ẹni tó máa borí, ilẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Lọ́dún 2003, Lesnar yìí kan náà fò láti orí òpó ní WrestleMania kọkàndínlógún, ó fẹ́ dàrì lófuurufú, orí ló fi sọlẹ̀, gbogbo èèyàn rò pé ọrùn ti dá. Orí kó o yọ. Orí kò kó Owen Hart yọ. Ní eré sanwó-kóo-tó-wò mìíràn tí ilé iṣẹ́ náà ṣe ní Kansas City, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún 1999, wọ́n fẹ́ fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ láti àjà kí ó lè dà bí ẹni tó ń fò. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ṣí. Ó já bọ́ sínú agbo, ó kú. Wọ́n gbé e jáde, eré sì ń bá a lọ! Wọn kò dá a dúró. Mílíọ̀nù méjìdínlógún dọ́là ni wọ́n fi bá ẹbí ẹ̀ parí ọ̀rọ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Bí Bàbá bá fẹ́ bínú, ibí yìí ló yẹ kó ti bínú.

Ilé wo ni kò ní ọmọ tó ti gbé àbúrò ẹ̀ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì rí, tó ní òun ni Undertaker? Àwọn tó ń wọ́ egungun l'Abẹ́òkúta mọ̀ wọ́n dáadáa. Ìkìlọ̀ wà lórí tẹlifíṣọ̀n lóòótọ́, pé kí ẹnikẹ́ni má dán an wò nílé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì máa ń yára kọjá. Òjìjàkadì fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí a ṣe ń ṣubú kó tó kọ́ bí a ṣe ń gbé èèyàn. Ọmọ kò rí ìyẹn. Gbígbé nìkan ló rí. Òbí tó bá kàn ní "irọ́ ni", ó ti sọ fún ọmọ pé kò léwu nìyẹn. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé eré ni, ó sì ń pa èèyàn.

Ó wá ku irọ́ gidi tí a ti ń wá láti òkè. Ó wà nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó wọ agbo.

Ẹ wo Kofi Kingston. Ghana ni wọ́n bí i sí, orúkọ ẹ̀ Kofi Sarkodie-Mensah. Nígbà tó kọ́kọ́ dé lọ́dún 2008, wọ́n ní ọmọ Jàmáíkà ni, ó sì ń fa ohùn bí ará Jàmáíkà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n kàn gbé Jàmáíkà jù sílẹ̀. Ọmọ Ghana náà ló wá borí Daniel Bryan ní WrestleMania karùndínlógójì, ọjọ́ keje oṣù kẹrin 2019, tó gba bẹ́líìtì tó ga jù lọ. Kò sí ẹni tí wọ́n bí ní Áfíríkà tó gbà á rí ṣáájú ẹ̀.

Ti Nàìjíríà ló tún panilẹ́rìn-ín jù. Apollo Crews, Sesugh Uhaa lorúkọ ẹ̀ gan-an, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí California. Ó ti ń jà láti ọjọ́ pípẹ́ pẹ̀lú ohùn Amẹ́ríkà tí wọ́n bí i mọ́. Nígbà tó di 2021, ó dédé jáde pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ó ní ọmọ ọba Nàìjíríà lòun, ó ń sọ̀rọ̀ bí àlejò tó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ wa nínú ọkọ̀ òfurufú. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún náà, ní WrestleMania kẹtàdínlógójì ní Tampa, òun àti Big E ja ìjà tí wọ́n pè ní Ìjà Ìlù Nàìjíríà. Ìlù àti agogo tò yí agbo ká, pankẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tó bá rí nǹkan gbá mú ni kó fi lu ẹnìkejì.

Ẹ bi àwọn ọmọ Àyàn ní Ṣápọ́n tàbí ní Aké, bóyá wọ́n ti gbọ́ ìjà ìlù rí. Ìlù tí wọ́n fi ń ki Aláké, tí wọ́n fi ń pe òkú àti alààyè lórúkọ, ta ló máa gbé e la èèyàn lórí? Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fọ́ ìlù onílù, gbèsè ló jẹ. Wọ́n jókòó sínú ọ́fíìsì l'Amẹ́ríkà, wọ́n hùmọ̀ àṣà kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ wa lára, wọ́n sì tà á fún gbogbo ayé.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, òmìrán kan yọ jáde láti gba Crews sílẹ̀, ó wọ aṣọ ológun. Wọ́n pè é ní Commander Azeez. Orúkọ ẹ̀ gan-an ni Babatunde Aiyegbusi! Poland ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ ọmọ Nàìjíríà. Orúkọ tó kún ẹnu bí Babátúndé Aiyégbùsì, wọ́n ti í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kó máa jẹ́ Kòmáńdà. Crews gba bẹ́líìtì lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó fi di 2022, wọ́n ti gbé ọ̀kọ̀ àti ohùn náà jù sílẹ̀, ọmọ ọba sọ adé nù láìsí ìdájọ́ ìjòyè kankan. Big E tí wọ́n jọ jà, ọrùn ẹ̀ ṣẹ́ nínú ìjà mìíràn ní oṣù kẹta 2022. Ọrùn yẹn kì í ṣe eré.

Alẹ́ tó ṣáájú ti Crews ní Tampa kan náà, ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí l'Ékòó gba bẹ́líìtì ẹlẹ́ni méjì pẹ̀lú AJ Styles, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jà lórí tẹlifíṣọ̀n. Tolúlọpẹ́ Omogbehin ni. Wọ́n ní ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínṣì mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbá ní yunifásítì kó tó di òjìjàkadì. Wọ́n gé orúkọ ẹ̀ kúrú, wọ́n ní Omos. Ó tẹ́ni lọ́rùn díẹ̀ ju Kòmáńdà lọ, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní ọ̀rọ̀ sọ. Òmìrán tí kò ní ẹnu, ẹlòmíràn ló ń bá a sọ̀rọ̀. Láàárín ọdún méjì lẹ́yìn náà, Bobby Lashley dá a ní WrestleMania 2022, ti 2023 ló kan Lesnar.

Ti Isaac Odugbesan ló wá dára díẹ̀. Ọmọ Èkó ni, irin ló ń jù ní yunifásítì Alabama. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọba Fẹ́mi, ó sì ń rìn bí ọba, kò gbé ọ̀kọ̀, kò sí ẹni tó ní kó fa ohùn. Ní ọjọ́ keje oṣù kìn-ín-ní 2025, ó gba bẹ́líìtì NXT, ìyẹn ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn òjìjàkadì dàgbà. Nígbà WrestleMania kọkànlélógójì ní Las Vegas, oṣù kẹrin ọdún náà, ó ja ìjà tirẹ̀ nínú ìlú kan náà lọ́sàn-án, kò jẹ́ kí bẹ́líìtì bọ́. Ará Abẹ́òkúta lè rẹ́rìn-ín sí oyè náà o. Ìlú tó ní Aláké, tó ní Ọ̀ṣilẹ̀, tó ní Àgùrá, tó ní Olówu, tí Olúbarà náà ń bẹ ní Ìbarà, ó mọ̀ pé a kì í fi ariwo jọba. Síbẹ̀, ó dùn mọ́ni létí láti gbọ́ òyìnbó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n ń pariwo "Ọba" láìsí ẹni tó lù wọ́n. Kí àwọn ọmọ má sì gbàgbé pé orúkọ tí ilé iṣẹ́ bá sọ òjìjàkadì, ilé iṣẹ́ ló sábà máa ń ni ín lórí ìwé. Ẹni tó bá ń lọ, á fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ ìyálò.

WrestleMania kò tíì tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ní 2025, wọ́n kéde pé ti ọdún 2027 á lọ sí Riyadh ní Saudi Arabia, torí owó wà níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025 kan náà, Abẹ́òkúta gba àlejò eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, àwọn ọmọ wa jà níbẹ̀ ní ìjàkadì tí kò ní àdéhùn kankan nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ wò ó, ẹ kọ lẹ́tà sójú ìwé yìí, kẹ́ ẹ sọ iye èèyàn tó jókòó. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wo Power Mike láyé ẹ̀ náà, a ń retí tiyín.

Ká padà sẹ́yìn Láfẹ́nwá lóru ọjọ́ yẹn. Ìjà Omos àti Lesnar ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọmọ Omogbehin gbá Lesnar mọ́ àyà, ó jù ú sí ìhín, ó jù ú sí ọ̀hún, àwọn ọmọ fò dìde. Àfi ìgbà tí Lesnar gbé e kọ́ èjìká, gbogbo gíga yẹn, tó fi í yí bírí, tó là á mọ́lẹ̀. Ó parí. Yàrá pa rọ́rọ́, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Wọ́n sọ fún un kó ṣubú ni," Bàbá wí lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀.

"Bàbá, ẹ ti ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀."

"Mo gbọ́. Ọmọ ibo lẹ ní ó jẹ́?"

"Èkó ni wọ́n bí i sí, sà."

Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì ẹ̀, ó kọjú sí àtẹ̀gùn. Ó dúró.

"Èló ni wọ́n fún un tó fi gbà?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn.